Ife Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Howard

Ní ìparí ọdún 1971, àwọn agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Howard na ti Yunifásítì Saint Louis ní góòlù mẹ́ta sí méjì ní Miami, ní àṣekágbá ìdíje ife àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú ni Howard, ní Washington. Saint Louis ló sì gba ife náà ní 1969 àti 1970. Ọmọ Trinidad ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Howard, Lincoln Phillips, tó ti ṣe amúlé rí. Ọmọ erékùṣù Kàríbíà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló kún inú ikọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fi wọ́gi lé ife ọ̀hún.

Òfin kan ni wọ́n gbé e lé. Bí àjèjì bá ti pé ọmọ ọdún 19, tó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ èyíkéyìí nílùú rẹ̀ kó tó wọ yunifásítì, ńṣe ni wọ́n máa yọ ọdún wọ̀nyẹn kúrò nínú iye tó lè fi gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tó gbá tirẹ̀ ládùúgbò, wọn kì í yọ ohunkóhun nínú ọdún tirẹ̀.

Ká ní ọmọ Ìkọ̀lé tàbí Ìpáò, ní Èkìtì, ni ẹnì kan láyé ìgbà yẹn. Ó ka ìwé girama tán, ó ń ṣe tíṣà kó lè rówó kàwé sí i, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò sí yunifásítì nítòsí: ọdún 2011 ni wọ́n tó dá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FUOYE, tó ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, sílẹ̀. Kó tó dé Washington, òfin ti jẹ ọdún rẹ̀ tán. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Howard pe NCAA lẹ́jọ́. Adájọ́ Gerhard Gesell sọ pé òfin àwọn àjèjì yẹn tako ìwé òfin Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fara mọ́ ọn ní 1975. Àmọ́ ẹ̀sùn mìíràn wà nílẹ̀, tó kan iye ọdún ìdíje àti máàkì ìdánwò àwọn kan. Ìyẹn kò yẹ̀, ife kò sì padà.

Orí pápá ni Howard ti gba òmíràn. Ní 1974, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nígbà 19, wọn kò pàdánù ẹyọ kan. Saint Louis ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, nílùú Saint Louis gan-an. Àfikún àkókò mẹ́rin ni wọ́n gbá kí Kenneth Ilodigwe, ọmọ Nàìjíríà, tó jẹ́ góòlù kejì wọlé: 2-1. Ife yẹn wà nínú ìwé NCAA dòní. Ti 1971 ṣì jẹ́ àyè òfìfo níbẹ̀.