Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta Nínú Ẹyọ Kan: Bí A Ṣe Ń Dán Cluster Wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mu gan-an. Báńkì tàbí ilé-ìwòsàn tí ó gbé gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé orí server kan ṣoṣo ń fi iná ṣeré: ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kú ni iṣẹ́ kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so server méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, tí ọ̀kan bá ṣubú, tí òmíràn yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Èyí ni à ń pè ní cluster. Kì í ṣe ohun àná. Ilé-iṣẹ́ Digital ní Amẹ́ríkà ti kéde VAXcluster tirẹ̀ ní 1983.

Ṣùgbọ́n báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe kọ́ ọ? Kò sí ọ̀gá tí yóò gbà kí a fa wáyà iná server òun yọ nítorí pé a fẹ́ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwa náà kò sì ní owó server mẹ́ta. Ọ̀nà àbáyọ ni virtual machine, èyíinì ni kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Sọ́fúwià kan yóò pín mẹ́mọ́rì àti dísìkì ẹ̀rọ wa fún àwọn kọ̀ǹpútà àfarawé, olúkúlùkù wọn yóò sì gbà pé òun dá dúró. IBM ti ní irú rẹ̀, VM/370, ní 1972. VMware gbé e dé orí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní 1999. VirtualBox, tí a lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, dé ní 2007.

Bí a ṣe ń tò ó

Láptọ́ọ̀pù tí ó ní mẹ́mọ́rì 8GB tó. Kí a kọ́kọ́ wo BIOS bóyá VT-x (ti Intel) tàbí AMD-V (ti AMD) wà ní títàn. Lẹ́yìn náà, kí a dá kọ̀ǹpútà àfarawé kan sílẹ̀, kí a fún un ní 1GB, kí a fi Debian sí i, àti Corosync pẹ̀lú Pacemaker. Iṣẹ́ Corosync ni láti mọ ẹni tí ó wà láàyè nínú àwọn ẹ̀rọ náà; iṣẹ́ Pacemaker ni láti pinnu ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ wo. Nígbà náà ni a óò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀, àdírẹ́sì IP tirẹ̀ àti àdírẹ́sì MAC tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ lórí NAT tí VirtualBox ń fún wọn fúnra rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa jẹ́ 10.0.2.15, wọn kò sì ní rí ara wọn rárá. Internal network tàbí host-only ni kí a so wọ́n pọ̀ mọ́.

Ọba kì í pé méjì láàfin

Kí ló dé tí a fi sọ pé mẹ́ta, tí a kò sọ pé méjì? Ẹ wo ìpàdé ẹgbẹ́: bí àwọn tí ó wá kò bá pé iye tí òfin sọ, wọn kò lè ṣe ìpinnu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni cluster. Ẹ̀rọ tí ó ju ìdajì lọ ni ó gbọ́dọ̀ péjọ: méjì nínú mẹ́ta, mẹ́ta nínú márùn-ún. Bí wáyà bá já láàárín ẹ̀rọ méjì péré, kò sí ẹni tí ó ju ìdajì. Bí a bá sì gbà kí olúkúlùkù máa ṣiṣẹ́ lọ, àwọn méjèèjì yóò pe ara wọn ní ọba, wọn yóò jọ máa kọ̀wé sórí dísìkì kan náà, àkọsílẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Èyí burú ju kí iṣẹ́ dúró lọ, nítorí iṣẹ́ tí ó dúró ṣì lè bẹ̀rẹ̀ padà.

Nítorí náà ni fencing ṣe wà: kí a pa ẹ̀rọ tí kò dáhùn mọ́ ná, kí òmíràn tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá tò ó, Pacemaker kò ní gbé iṣẹ́ kankan dìde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kàn kọ stonith-enabled=false kí ó lè lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fence_vbox wà fún VirtualBox, fence_virsh sì wà fún KVM.

Ìdánwò mẹ́rin

Èkíní, ẹ pa ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lójijì bí ìgbà tí iná lọ, ẹ má ṣe shutdown. Èkejì, ẹ yọ àmì Cable Connected kúrò: ẹ̀rọ tí ó bá dá wà gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ fi kill -9 pa iṣẹ́ náà nìkan, kí ẹ wò ó bóyá Pacemaker yóò jí i dìde. Ẹ̀kẹrin ni ó le jù: ẹ fi Pause dá ẹ̀rọ náà dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún tú u sílẹ̀. Yóò jí bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti sùn, yóò sì fẹ́ máa bá iṣẹ́ tí a ti fún ẹlòmíràn lọ. Bí fencing bá dára, kò ní ráyè bẹ́ẹ̀.

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ ya snapshot wọn pa pọ̀, kí ẹ sì máa dá wọn padà pa pọ̀. Bí wọ́n bá ń lo dísìkì àjọlò, ẹ rántí pé snapshot kì í kan ìyẹn.

Ohun tí kò lè fi hàn wá

Ilé kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Bí láptọ́ọ̀pù bá kú, gbogbo wọn kú. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ gidi lé irú cluster yìí. Bákan náà, kò lè sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe yára tó lórí server gidi, kò sì lè fi wáyà tí ń já tí ń so hàn wá dáadáa.

Síbẹ̀, ẹni tí ó ti rí ẹ̀rọ tí ó ṣubú nígbà ogún nínú yàrá rẹ̀ kò ní gbọ̀n jìnnìjìnnì lọ́jọ́ tí ti báńkì bá ṣubú níṣojú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kan àti òpin ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní láptọ́ọ̀pù, kí ó wá ẹni tí ó ní, kí wọ́n jọ ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.