Bí A Ti Ń Ti Ara Agbọ́n Mọ Ìran Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí dé etí omi ní Ogun Waterside, agbára káká ni a ó fi rí ilé tí gàrí kò sí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní nǹkan bí 1979, kòkòrò funfun kan tí ó dà bí ìyẹ̀fun lára ewé wọ Nàìjíríà, ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ sì ń ká kò. Agbọ́n kékeré kan, tí gígùn rẹ̀ kò tó mílímítà 2, ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń mọ irú agbọ́n bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye?

Bí a bá dárúkọ agbọ́n, èyí tí ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé tí ó sì ń ta ni ni ó máa ń wá sí ọkàn wa. Àwọn tí kì í ta ènìyàn pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Wọn a yé ẹyin sínú kòkòrò mìíràn, ọmọ wọn a sì jẹ ẹni tí ó gbà á sí ara títí onítọ̀hún yóò fi kú.

Ẹ wo ìbàdí wọn, ó tín-ín-rín bí okùn. A lè rò pé ibẹ̀ ni àyà parí sí tí ikùn sì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ìpín kìíní ikùn ti lẹ̀ mọ́ àyà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbàdí wà. Èyí ni ó jẹ́ kí agbọ́n lè ká ìdí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó sì gún ibi tí ó wù ú pẹ̀lú ọ̀pá ìyéyin rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ọmọ wọn ń jẹ ewé kò ní irú ìbàdí bẹ́ẹ̀. Ìdílé Orussidae pẹ̀lú kò ní in, síbẹ̀ ọmọ tirẹ̀ ń jẹ ọmọ kòkòrò mìíràn nínú igi. Èyí fi hàn pé ìwà ìfiniṣèjẹ yìí ti wà kí ìbàdí tó tín-ín-rín. Ọ̀pá ìyéyin kan náà ni ó di abẹ́rẹ́ oró lára oyin, ìdí nìyí tí akọ oyin kò fi lè ta ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ọwọ́ gbogbo aláró ni í dúdú, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ọ̀pọ̀ agbọ́n kéékèèké ti pàdánù iṣan ìyẹ́ wọn nítorí kíkéré lásán. Àmì púpọ̀ ni a ń wò pọ̀, a sì ń yẹ DNA wò lónìí.

Agbọ́n tiwa wà nínú ìdílé Encyrtidae, tí a fi pákó ńlá ẹ̀gbẹ́ àyà wọn mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni iṣan ẹsẹ̀ àárín tí wọ́n fi ń fò wà.

Àṣìṣe ìdánimọ̀ ti fa ìdádúró. Ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni a kọ́kọ́ wá ọ̀tá kòkòrò náà, a sì rí èyí tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn agbọ́n ibẹ̀ kò bá tiwa mu. Ìyàtọ̀ wà: tiwa jẹ́ kìkì abo, ti ọ̀hún ní akọ. Ní 1981 ni Cox àti Williams fún ti ọ̀hún ní orúkọ tirẹ̀. Paraguay ni a ti rí agbọ́n tí ó tọ́, a sì tú u sílẹ̀ ní IITA ní Ìbàdàn ní 1981. Hans Herren, tí ó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Orúkọ agbọ́n náà ni kò sinmi. De Santis pè é ní Apoanagyrus ní 1964, àwọn mìíràn ní Epidinocarsis. Lónìí, lẹ́yìn tí a tún ara rẹ̀ wò, Anagyrus lopezi ni.