Bí Àṣà Àwọn Kan Ṣe Ń Di Àṣà Orílẹ̀-èdè

Bí ẹ bá bi àlejò léèrè ohun tí í ṣe àṣà Bràsíl, yóò ní ijó sáńbà ni, tàbí capoeira, ìjà tó dà bí ijó. A lè wá rò pé gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló jọ jogún àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn kan ni ìjọba ti mú wọn.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ capoeira. Ní 1890, ọdún 2 lẹ́yìn tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀, òfin ní kí ẹni tó bá ṣe é ní ìgboro lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 2 sí 6. Ní 1930, Getúlio Vargas gbàjọba. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀ nígbà náà, òun sì fẹ́ kí wọ́n di ọ̀kan. Ní 1937, wọ́n dáná sun àsíá àwọn ìpínlẹ̀ ní gbangba ní Rio. Bẹ́ẹ̀ náà ni rédíò ń gbé sáńbà kiri. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba fọwọ́ sí ilé tí Mestre Bimba ti ń kọ́ni ní capoeira ní Salvador. Ohun tí ọlọ́pàá ń tìtorí ẹ̀ mú èèyàn wá di ohun àmúyangàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àṣà ni wọ́n gbà wọlé: ìjọba Vargas yìí náà ló ti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi èdè Jámánì kọ́mọ ní gúúsù pa.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ẹ̀sìn Candomblé. Ògún, Ṣàngó, Ọya àti Yemọja ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Títí di 1976, àwọn ilé òrìṣà ní ìpínlẹ̀ Bahia gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀, inú àwọn ilé òrìṣà yẹn náà ni àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé ti wá, oúnjẹ Ọya ni. Ní 2005, ìjọba kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in mọ́ ogún orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ ìjọ ajíhìnrere kan náà ń dín in tà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àkàrà Jésù ni tiwọn. Àkàrà kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí lọ́kàn wọn yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, mo gbà pé orílẹ̀-èdè lè ní ohun tí gbogbo ènìyàn jọ mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ní àṣà kan ṣoṣo. Bràsíl fúnra rẹ̀ ti ń gbà bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ní 2002, ìlú São Gabriel da Cachoeira ní ìpínlẹ̀ Amazonas sọ èdè ìbílẹ̀ 3, Nheengatu, Tukano àti Baniwa, di èdè ìjọba pẹ̀lú èdè Potogí.