Adìyẹ Abólọ́rùn
Àgbébọ̀ adìyẹ ìbílẹ̀, irú èyí tó ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù.

Ẹ wo ọrùn rẹ̀ dáadáa: kò ní ìyẹ́. Kò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni kò sì tu ú níyẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe pa á láti inú ẹyin nìyẹn.

Adìyẹ kì í làágùn, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ a máa gbóná tó 41°C. Bí oòrùn Ẹrẹ́nà bá mú, á ya ẹnu, á na apá kúrò lára, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí mímí yìí bá pọ̀ jù, èèpo ẹyin rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Abólọ́rùn kì í tètè débẹ̀, torí pé ọrùn ìhòòhò yìí ni ooru ń gbà jáde. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ti ṣèwádìí púpọ̀ lórí irú rẹ̀. Lọ́jà ṣá, ìrísí rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè tà.