Géèjì Ooru Nínú Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Sí Ààyè Rẹ̀

Nínú ìwé ìròyìn yìí ni a ti máa ń ka ìròyìn ìkómọjáde, ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kì í wọ ọkọ̀ lọ sílé fún. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ ohun kékeré tí ó wà níwájú dẹ́rẹ́bà, èyí tí a ń pè ní géèjì.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa ní ọdún tí ó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gbọ́ lálẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti jáde láyé ní Ìlọrin, wọn yóò sì sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. A gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àwa mẹ́rìnlá, a gba ọ̀nà Ọ̀bájànà lọ sí Kàbbà. Ní Ọ̀bájànà, dẹ́rẹ́bà ní òun fẹ́ dúró wo omi. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ ni a sọ pé kí ó máa lọ, a ti pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn a há sẹ́yìn àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì, ọkọ̀ ń fà bí ìgbín nínú oòrùn. Ní gbogbo àkókò náà, ọwọ́ géèjì ooru tí ó bá ọkọ̀ náà wá dúró gbọn-in lágbedeméjì. Kí a tó dé Kàbbà, èéfín funfun bò wá mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, orí ẹ́ńjìnnì sì ti tẹ̀. Nígbà tí ìyá wa fi rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀, tí ó sì dé Ìlọrin, wọ́n ti bo ilẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ ná sórí ẹ́ńjìnnì náà pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó dùn wá jù.

Báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe lè jó nígbà tí géèjì ń wí pé àlàáfíà ni? A wádìí lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì àti àwọn riwáyà, ohun tí a sì gbọ́ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe géèjì náà kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe máa lọ sókè sódò, kí ó má baà dẹ́rù ba ẹni tí ó ra ọkọ̀. Ooru lè kúrò ní 80 kí ó kọjá 95, kí ọwọ́ náà má kúrò láàárín. Ìgbà tí yóò bá fi gbéra, ewu ti dé ẹnu ọ̀nà. Ohun kejì ni pé inú omi ni sẹ́ńsọ̀ tí ń mọ ooru náà ń gbé. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́ tí omi sì dà nù tán, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó kù yí i ká. Nígbà náà ó lè máa pe ooru ní kékeré nígbà tí irin ń jó.

Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ọkọ̀ tí ń rìn jìnnà ní géèjì mìíràn tí ń sọ òótọ́. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní kì í lo iná rárá. Ọ̀pá tín-ín-rín kan ni ó ti inú ẹ́ńjìnnì wá sí ẹ̀yìn géèjì. Olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá náà bá ká tàbí tí ó gé, ó parí. Èkejì ń lo wáyà àti sẹ́ńsọ̀. Ẹni tí yóò ra èyí gbọ́dọ̀ ra géèjì àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ pa pọ̀ nínú páálí kan, nítorí sẹ́ńsọ̀ ẹlòmíràn yóò mú kí géèjì parọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ń fi òǹkà hàn lójú dígí, tí a ń kì bọ ihò kan lábẹ́ síárìn. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò yìí, nítorí náà ẹni tí ó ní Sienna tòkunbọ̀ láti ibẹ̀ lè lò ó láìgé wáyà kankan. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ju ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà náà kò mọ iye agbára tí ọ́ìlì fi ń yí ká ẹ́ńjìnnì.

Bọ́ọ̀sì tiwa kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa sì kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. A ra dígí ńlá aláwọ̀ mèremère tí ń fi òǹkà mẹ́jọ hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Lóru, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí dẹ́rẹ́bà lójú. Ní ọ̀sán, oòrùn Lọ́kọ́ja kò jẹ́ kí a rí i. Dẹ́rẹ́bà bi wá pé, "Ẹ̀yin bàbá, èwo gan-an ni kí n máa wò nínú wọn?" A yọ ọ́ kúrò, a sì ra méjì rìbìtì tí ó ní ọwọ́: ọ̀kan fún ooru omi, ọ̀kan fún agbára ọ́ìlì. A tún kọ́ ọgbọ́n kan lára àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje. Wọn a máa yí géèjì wọn nínú ihò rẹ̀ títí gbogbo ọwọ́ yóò fi nàró ṣánṣán nígbà tí ohun gbogbo bá dára. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, ojú yóò rí i kíá láìka òǹkà.

Ní ti fífi í sí ààyè, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ sì kọ́kọ́ yọ wáyà dúdú orí bátìrì. Kí iná géèjì ti ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń tàn wá, kí ó má baà mu bátìrì lóru, kí ó sì ní fíùsì kékeré tirẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá iná kékeré ọkọ̀ tàn. Níbi tí wáyà bá ti gba ara irin wọlé, kí rọ́bà wà níbẹ̀, kí irin má baà gé e. Ẹ má ṣe fi géèjì sórí ibi tí àpò afẹ́fẹ́ yóò ti bẹ́ jáde bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí ni sẹ́ńsọ̀. Bí riwáyà bá gé họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ láti fi irin tí ń di sẹ́ńsọ̀ mú sáàárín, rọ́bà wà ní ọ̀tún, rọ́bà wà ní òsì, iná kò sì ní ọ̀nà dé ara ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi wáyà so irin náà mọ́ ara ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ géèjì kò ní í sọ òótọ́. Kí a tó fi tiwa sínú ọkọ̀, a ri sẹ́ńsọ̀ bọ omi tí ń hó nínú kẹ́tù, a sì so wáyà mọ́ bátìrì: ọwọ́ náà lọ sí 100. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bí géèjì yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 212 ni yóò kà.

Ẹ bi mẹkáníìkì yín ní ìwọ̀n tí ó yẹ ọkọ̀ tiyín. Nínú bọ́ọ̀sì wa, bí ó bá kọjá 100, dẹ́rẹ́bà yóò pa ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ó bá dé 105, yóò dúró, yóò sì pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná, nítorí omi inú rẹ̀ yóò ta síni lójú. Ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró pẹ́ ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù, nítorí kò sí atẹ́gùn ìrìn tí yóò fẹ́ sí rédíétọ̀. Àwọn tí omíyalé ká mọ́ ọ̀nà Kótón Kàrífí ní ọdún 2012 àti 2022 mọ ohun tí à ń wí.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: géèjì kì í dá ọkọ̀ dúró, ènìyàn ni í dá a dúró. Dẹ́rẹ́bà wa fẹ́ dúró ní ọjọ́ náà, àwa ni kò jẹ́. Nísinsìnyí, bí ó bá fẹ́ dúró, yóò na ìka sí géèjì, gbogbo wa yóò sì rí i. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, tí dẹ́rẹ́bà bá ní òun fẹ́ wo omi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó wò ó.

A kí ìyá wa kú ìrọ́jú, a sì tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Kí Ọlọ́run máa mú gbogbo wa lọ, kí ó máa mú wa bọ̀.