Ọ̀rọ̀ Àwọn Ará Òde Nínú Ìwé Mímọ́

Àwọn kan ń béèrè pé: bí Júúdà (ẹsẹ 14 àti 15) bá mú ọ̀rọ̀ jáde láti inú ìwé Énọ́kù, ṣé Bíbélì wa kò pé ni? Ẹ fọkàn balẹ̀. Ní Áténì, àwọn Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀ kò mọ ìwé Mósè. Nítorí náà ni ó ṣe fi ọ̀rọ̀ Aratus, akéwì wọn, tọ́ wọn sọ́nà (Ìṣe 17:28). Síbẹ̀, ewì náà kò di Ìwé Mímọ́. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ilẹ̀ Etiópíà ka Énọ́kù mọ́ Bíbélì. Àwa kò kà á mọ́ ọn. Ẹni tí ó yá òwe aládùúgbò lò kò sọ aládùúgbò náà di bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́, níbikíbi tí a bá ti rí i, ti Ọlọ́run ni.