Bí Ọmọ Ilé-Ìwé Bá Ń Ṣe Ọṣẹ Nílé

Ẹ̀yin òbí, ọṣẹ ṣíṣe wà lára iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Epo pupa tàbí àdín, omi, àti sódà ọṣẹ tí àwọn olùkọ́ ń pè ní caustic soda ni wọ́n ń lò. N kò ní kí ẹ dí wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò nílé, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ohun tí sódà jẹ́.

Agbára tí ó fi ń sọ epo di ọṣẹ náà ni ó fi ń jẹ ara ènìyàn. Bí ó bá kan ọwọ́, ọwọ́ yóò máa yọ̀. Ọ̀rá ara ni ó ń sọ di ọṣẹ yẹn. Ó lè má tètè ta ọmọ lára, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọnú lọ.

Èkíní, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ tó máa da sódà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí láé. Ó lè hó lójijì kí ó ta sí ojú.

Èkejì, ẹ má ṣe lo ìkòkò alumíníọ̀mù. Sódà a máa jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde nígbà náà sì lè gbiná. Ike tí ó nípọn ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tí ó bo ojú yíká, kí àgbàlagbà sì wà nítòsí.

Bí ó bá ta sí ara, àwọn kan a ní kí a fi epo pupa tàbí ọtí kíkan pa á. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó kàn, kí ẹ da omi tútù sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí ojú ni, ẹ la ìpéǹpéjú, kí omi máa ṣàn sí i bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má ṣe fi èyí tí ó kù sínú ìgò omi tàbí agolo mílíìkì. Ọmọ kékeré tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì lè dí títí ayé. Bí ó bá gbé e mì, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo mu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.